Ìgò Omi Tí Mo Gbé Sọ̀kalẹ̀ Láti Orí Òkè

Kí n dákẹ́ kẹ̀? Ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Gbogbo ẹni tí mo bá ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀? O ò bá ti dákẹ́." Màámi sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé mi padà sí Iléṣà lọ́jọ́ náà, tí mi ò tiẹ̀ bá sọ nǹkan kan, tó kàn gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará abúlé, òun náà bojú wẹ̀yìn lórí eré, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò bá ti dákẹ́." Mo ní kó máa wo iwájú ẹ̀ kó má pa wá. Dákẹ́, dákẹ́. Ta ni ìgò yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀? Ṣé àwọn ni àbí èmi?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí àgádágodo, torí ibẹ̀ gan-an lara ti kọ́kọ́ fu mí.

Dàda Estate l'Óṣogbo ni mò ń gbé, fóònù ni mò ń tún ṣe. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Fídíò ni mò ń wò, mo máa tú fóònù ara mi palẹ̀, mo máa sunkún, mo máa tún un tò, títí tọ́wọ́ mi fi gbà á. Tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ariwo oníbàárà bá ti kún mi létí, mo máa di báàgì ẹ̀yìn mi, mo máa wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, ó di orí òkè. Ọ̀rẹ́ mi máa ń pariwo tẹ̀ lé mi ni: "Ọ̀bọ ti ń lọlé o! Ẹ bá wa kí àwọn ẹbí yín o!" Mi ò kì í dá a lóhùn. Òun tí kò lè gun àtẹ̀gùn báǹkì kó má mí hẹlẹhẹlẹ.

Òkè tí mò ń lọ wà lẹ́yìn abúlé kan tí wọ́n ti ń gbin kòkó àti obì, nínú igbó Iléṣà lọ́hùn-ún. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ahéré kan wà lókè níbẹ̀, yàrá méjì, páànù lórí, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ ẹ̀. Bàbá kan ló kọ́ ọ nígbà tó ń dáko obì lórí òkè. Bàbá ti kú, oko obì ti digbó. Ìyàwó ẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń gbé nísàlẹ̀ nínú abúlé, orúnkún ò sì jẹ́ kó lè gun òkè mọ́. Ló bá sọ ahéré náà di ti ẹni tó bá ṣáà ti fẹ́ sùn lókè. Àwa tá a fẹ́ràn òkè gígùn, a kì í kọ ọ́ síbì kankan, ẹnu la fi ń sọ ọ́ fún ara wa.

Kò sẹ́ni tó máa ṣe ẹ́ lálejò níbẹ̀ o. Kò sí iná, kò sí bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó ń dáná. Ohun tó o máa jẹ, gbé e wá. Ohun tó o máa tẹ́ sùn, gbé e wá. Igi tó o bá fi dáná, lọ ṣẹ́ òmíì rọ́pò ẹ̀ kó o tó sọ̀kalẹ̀. Gbálẹ̀. Tìlẹ̀kùn. Màmá ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Omi nìkan ló ń gbà. Ìsun omi kan wà lẹ́yìn ahéré, lábẹ́ àpáta. Omi yẹn tutù, ó sì mọ́ débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí i, o máa rí i nílẹ̀ ẹ̀. Omi yẹn ni Màmá fi wẹ gbogbo ọmọ tó bí, òun náà ló sì ń mu. Tó bá ti ń fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́, ó máa fi ìgò òfìfo kan tì í. Tó o bá ń bọ̀, pọn ọ́n kún. Tó o bá gbé e fún un, ó máa nà án sókè sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó máa wá bi ẹ́ léèrè: "Ṣé omi ń sun? Ṣé ugi ńbẹ? Ṣé ulé wà bó o ṣe bá a?" Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe igi àti ilé nìyẹn. Tó o bá ti dáhùn, ó parí. Ó máa bu omi náà mu lójú ẹ, ó máa wá ṣàdúrà fún ẹ, àdúrà tí ò ní fẹ́ tán. Nítorí àdúrà yẹn nìkan, mo lè gun òkè náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ohun kan ló kù. Ní igun yàrá àkọ́kọ́, ìdì igi gbígbẹ kan wà níbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi dáná, àfi ẹni tójò bá pa dé. Màmá ló ní kí wọ́n so àálè mọ́ ọn. Ṣùkù àgbàdo, òòyà tó ti kán, àkísà pupa, màrìwò ni wọ́n fi so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ta ni ò mọ àálè? Tó o bá ti rí i lára nǹkan, o mọ̀ pé nǹkan yẹn lẹ́ni tó ni í, o máa kó ọwọ́ ẹ kúrò. Àwa tá à ń kírun, àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa là ń sọ pé a ò bẹ̀rù ẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ó dáa. Lọ́jọ́ náà, mo gba kọ́kọ́rọ́ àti ìgò lọ́wọ́ Màmá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹnì kan wà lókè?"

Ó ní, "Kò sẹ́nì kan, ọmọ mi. Ìwọ nìkan ni. Má jẹ̀ẹ́ kójò ó pa ọ́ o."

Àgádágodo kan, kọ́kọ́rọ́ kan, ọwọ́ mi ló sì wà. Mo gùn ún débẹ̀, òjò ti ṣú dùdù, mo bá àgádágodo ní ṣíṣí, wọ́n fi kọ́ etí ilẹ̀kùn. Wọn ò já a. Wọn ò fi irin yọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i, jẹ́jẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ ayé tá a wà yìí, ẹ mọ ohun táwọn ajínigbé ń fojú èèyàn rí. Mo sọ báàgì kalẹ̀, mo ṣa òkúta kan, mo pariwo, "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Ọkùnrin kan yọjú. Ó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Ó níkùn díẹ̀, ó wọ bàtà òjò onírọ́bà, ó ká ṣòkòtò sókè, ẹrẹ̀ ti kùn ún títí dé orúnkún. Ó wo òkúta ọwọ́ mi, ó wo kọ́kọ́rọ́.

"Ta ló fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́?"

Ẹ gbọ́ mi yé. Èmi tí mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń bi!

Mo ní, "Màmá ni. Ta ló fún ẹ̀yin?"

"Èmi náà rí i gbà ni."

"Lọ́wọ́ ta?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ẹ kú ilé là ń kọ́kọ́ kí èèyàn."

"Ẹ kú ilé, sà. Lọ́wọ́ ta?"

Ó ní Èkó lòun ti wá, òun ò dé apá ibí rí, dókítà ló ní kóun lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa. Atẹ́gùn wo ló ń kun èèyàn lẹ́rẹ̀ dé orúnkún? Mo wo yàrá náà yíká. Kò gbé ẹní wá. Kò gbé ìkòkò wá. Kò gbé oúnjẹ wá. Báàgì kan ṣoṣo ló gbé wá, nígbà tó sì rí i pé mò ń wò ó, ó fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn ara ẹ̀. Báàgì náà dún gbì. Aṣọ kì í dún gbì, ẹ̀yin èèyàn.

Ó yẹ kí n sọ̀kalẹ̀ nígbà yẹn. Mo mọ̀. Màámi ti sọ ìyẹn náà títí ẹnu fi bó o. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ní kí n yí padà ni òjò dé, òjò Iléṣà tẹ́ ẹ mọ̀, kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Àpáta ọ̀nà yẹn tó bá ti tutù, bí ilá ló ń yọ̀. Mo bá wọlé, mo gba yàrá inú, mo fa bẹ́ǹṣì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí n tó wọlé pátápátá, mo ti fi ọgbọ́n ya fọ́tò bàtà òjò ọkùnrin náà, torí kò jẹ́ kójú òun bọ́ sí ibi tí mo kọjú fóònù sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí nínú ilé, orí àpáta iwájú ló wà, mo sá dé ibẹ̀ nínú òjò, mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi: "Tí mi ò bá dé lọ́la, ẹni tó ni bàtà yìí ni kẹ́ ẹ mú."

Ó fèsì. Ó ní, "Bàtà náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn.

Ìgbà tí mo padà wọlé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo igun dáadáa. Ìdì igi gbígbẹ ti lọ. Ó ti fi dáná, ó ń yá ṣòkòtò ẹ̀ nígbà tójò ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Èmi tójò wá pa, eérú ni mo bá. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Àmọ́ nǹkan míì ló gba ọkàn mi: àálè náà wà lórí ìṣó lára ògiri. Kò já a. Kò jó o. Ó tú u ní kókó-kókó, ó tò ó padà bó ṣe wà, ó rọra fi kọ́ ìṣó.

Ẹ bá mi rò ó. Ará Èkó tí kò dé apá ibí rí, tó bá rí àálè, ó lè sá. Ó lè fi igi gbá a jùnù, kó máa pariwo ẹ̀jẹ̀ Jésù. Èmi fúnra mi mi ò lè tú u, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó so àálè, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń so ó, ló ń tú u báyẹn.

Mo ní, "Sà, ẹ ò bẹ̀rù àálè?"

"Èwo? Èyí?" Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín bíi pé ó rí ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtijọ́. "Èyí mọ̀ mí."

"Ó mọ̀ yín báwo?"

Ó ní, "Mò ń ṣàwàdà ni. Ṣé gààrí wà lọ́wọ́ ẹ, àbúrò?"

Ẹ ò rí nǹkan? Èèyàn fi igi ẹni tójò pa dáná, kò gbé oúnjẹ wá, ó tún ń bèèrè gààrí. Mo ní, "Ibí kì í ṣe búkà o. Ohun tí kálukú máa jẹ ló ń gbé wá. Ẹ ò gbé ẹní, ẹ ò gbé ìkòkò, ẹ ò gbé oúnjẹ. Kí lẹ wá gbé?"

"Ẹnu ẹ mú o. Ìwọ ọmọ yìí, ta ló máa fẹ́ ẹ?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin, sà."

Mo fún un ní gààrí ṣá. Ebi ń pa á lóòótọ́, mo rí i lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fún un ní ẹ̀pà mi. Ó mu gààrí náà tán, ó ń fi ìka nu abọ́, ó ní, "Gààrí Ìjẹ̀ṣà. Ó pẹ́." Mo fi ìyẹn náà sọ́kàn. Mo wọ yàrá lọ, mo ti bẹ́ǹṣì náà le, mo sùn bí ajá ṣe ń sùn, etí kan ńta.

Nígbà tí àsùbáà tó, mo mú ìgò Màmá, mo gba ẹ̀yìn lọ síbi ìsun omi kí n lọ ṣe àlùwàlá, kí n sì pọn omi Màmá lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ ti ń mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ omi, mo gbé e sójú. Ó ń rùn bí ẹrẹ̀. Mo tan iná fóònù sí i. Omi náà pupa. Ó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Mo gbé iná sókè díẹ̀, mo rí ihò. Wọ́n ti gbẹ́ abẹ́ àpáta náà káàkiri, wọ́n kó ewé bo àwọn ihò kan, òjò sì ti gbá ewé náà dànù. Abọ́ tánganran kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, yanrìn dúdú díẹ̀ kù nídìí ẹ̀.

Ẹ ò lè fi omi pupa tan ọmọ Òṣogbo jẹ. A ti wo odò tiwa títí, a mọ ohun tó ń sọ omi dà bẹ́ẹ̀. Góòlù ni. Ìdí nìyẹn tí báàgì fi ń dún gbì. Iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta ló wà ńbẹ̀, ó ń gbé e lọ fún àwọn kan kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Omi yẹn ò ṣeé fi ṣe àlùwàlá, yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ abẹ́ òrùlé ni mo fi ṣe é, mo kírun. Mi ò tíì kúrò lórí ìjókòó nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀. Orí àpáta iwájú ló wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ó ń pariwo bí ẹni ń kéde.

"Ó wà níbẹ̀! Mo ní ó wà níbẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́, mo fojú mi rí i! … Ẹ lè kó ẹ̀rọ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. … Ta ni? Màmá mi? Màmá ò lè gun òkè mọ́. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo ni í. … Rárá, kò mọ̀ pé mo wálé. Kọ́kọ́rọ́ tí bàbá mi fún mi nígbà ayé wọn ni mo fi wọlé. … Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dé ná, tó bá ti dé, kí ló máa wá sọ?"

Gbogbo ẹ̀ wá yé mi. Àgádágodo. Àálè tó mọ̀ ọ́n. Gààrí tó pẹ́.

Mo jáde sí i. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, ọmọ Màmá."

Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kọ́kọ́ bínú. Ó ní ta ló rán mi níṣẹ́, ṣé wọ́n ní kí n máa ṣọ́ òun ni, ilẹ̀ bàbá òun ni, ọ̀rọ̀ ìdílé òun ni, kí ni ọmọ Òṣogbo ń wá nínú ẹ̀. Mo ní, "Omi Màmá ńkọ́?"

"Omi wo? Mo máa gbẹ́ kànga fún un sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ ni yóò máa fà á. Kò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó bá òun gbé ìgò mọ́."

"Ṣé ẹ ti bi í pé ṣé kànga ló fẹ́?"

Ó wá jókòó lórí àpáta. Ohùn ẹ̀ yí padà, ó wá ń sọ̀rọ̀ bíi pé èmi làgbà. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé o mọ ohun tójú mi rí l'Ékòó? Láti ìgbà tá a ti sin bàbá mi, mi ò wálé. Ojú ń tì mí. Kí ni mo fẹ́ gbé wálé? Òfo? Jẹ́ kí n gbé nǹkan dé ọwọ́ ìyá mi kó tó kú. Kí lo máa pàdánù níbẹ̀? Ṣebí òkè pọ̀ tó o lè gùn." Ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ mi. "Wò ó. Píọ̀ wọ́tà wà ní ìsọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Rọ ọ́ sínú ìgò yẹn. Tó bá bi ẹ́, sọ pé gbogbo ẹ̀ wà bó ṣe wà. Èmi fúnra mi máa sọ fún un tó bá yá. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ẹ rí i, ibẹ̀ ni mi ò ti mọ ohun tí mo lè ṣe. Ká ní ó ń bínú lọ ni, ó rọrùn fún mi, èmi náà mọ inú bí. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀ mí. Síbẹ̀ ara ń fu mí. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ yìí náà ló sọ lórí fóònù pé kí ẹ̀rọ dé ná. Ṣé ẹni tó fẹ́ sọ fún ìyá ẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀?

Mo padà sẹ́yìn, mo pọn omi pupa náà kún ìgò, mo dé e, mo gbé báàgì mi. Mo ṣẹ́ igi díẹ̀ sí igun, torí èmi mọ òfin ibẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo gbọ́ bàtà òjò ẹ̀ lẹ́yìn mi lọ́nà jíjìn, pàkà, pàkà, ṣùgbọ́n báàgì tó wúwo yẹn ò jẹ́ kó lè bá mi.

Mo dé ìsọ̀ tó ní kí n dé. Ẹ má rò pé mi ò dúró níbẹ̀. Mo dúró. Mo mú píọ̀ wọ́tà kan lọ́wọ́, mo mú ìgò lọ́wọ́ kejì. Obìnrin tó ń tajà wò mí títí. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀?" Mo gbé e padà sínú bàsíà, mo kọjá lọ.

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa kòkó tó sá sórí ẹní. Ó rí mi, inú ẹ̀ dùn, ó na ọwọ́ gba ìgò náà kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Ó nà án sókè síta oòrùn. Ó pẹ́ kó tó gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó wá wo ojú mi.

"Ṣé omi ń sun?"

"Ó ń sun, Màmá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbẹ́ abẹ́ ẹ̀. Wọ́n ń wá góòlù. Wọ́n fẹ́ kó ẹ̀rọ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Àwọn ta?"

Àwọn aládùúgbò méjì ti na ọrùn. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀ wọ́n. Ó rọrùn. Mo ní, "Ọmọ yín ni, Màmá. Àkọ́bí yín. Òun ló wà lókè láti àná."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún Màámi. Ojú Màmá là. Wọlái, ojú ẹ̀ là bí ojú ọmọdé. Kò gbọ́ góòlù, kò gbọ́ ẹ̀rọ. Ó ní, "Ó ti wálé? Ọmọ mi ti wálé?" Ó di ògiri mú, ó ń gbìyànjú láti dìde. Ó ní, "Ṣé ó ti jẹun?"

Mo ní, "Mo fún un ní gààrí." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti dé, ó ń mí hẹlẹ, báàgì ń fà á léjìká. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, gbì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá ẹ̀, nínú kòkó. Ó ní, "Màmá, ẹ má dá ọmọ yẹn lóhùn. Irọ́ ló ń pa."

Màmá fọwọ́ kàn án lórí. Ó jẹ́ kó dìde jókòó. Ó wò ó títí, ó nu ẹrẹ̀ kan kúrò létí ẹ̀. Ó wá bi í, bó ṣe ń bi gbogbo àlejò: "Ṣé omi ń sun?"

"Ó ń sun, Màmá."

"Ṣé ugi ńbẹ?"

"Ugi ńbẹ."

"Ṣé ulé wà bó o ṣe bá a?"

"Ulé wà, Màmá." Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé. Ará Èkó tí kò dé ibí rí.

Màmá ṣí ìgò. Ó bu omi pupa yẹn kún kọ́ọ̀bù, ó gbé e fún un. Ó ní, "O ti rìn. Mu omi."

Ó gbà á. Ó wo inú ẹ̀. Ó wo ìyá ẹ̀. Gbogbo wa ń wò ó. Ó gbé e dé ẹnu, kò lè mu ún, ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Màmá gba kọ́ọ̀bù náà padà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló mu ún. Gbogbo ẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Kò wò mí. Ó mu ún tán, ó nu ẹnu, ó na ọwọ́ sí ọmọ ẹ̀, ọkùnrin náà sì mọ ohun tó ń bèèrè. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ bàbá ẹ̀ láti àpò. Màmá na ọwọ́ kejì sí mi, mo gbé tèmi fún un. Ó so méjèèjì mọ́ etí ìró ẹ̀, ó so kókó lé e, ó tún so kókó míì.

Ó ní, "Máa lọlé, ọmọ mi." Kò ṣàdúrà.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé ọkùnrin náà padà sí Èkó kí ọ̀sán tó pọ́n, iṣu tí ìyá ẹ̀ gbé kaná ò tíì jinná. Báàgì yẹn, ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ kankan ò dé títí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù. Ṣùgbọ́n ara ń fu mí síbẹ̀. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan lè ní òmíì.

Mo ti padà lọ síbẹ̀. Àálè tuntun wà ní ìdí òkè, Màmá ní kí wọ́n so ó mọ́ igi níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gùn ún mọ́. Wọ́n ní ìsun omi náà ti ń mọ́ padà. Ta ló rí i? Màmá dá mi lóhùn láti inú ilé, kò jáde. Obìnrin aládùúgbò kan dúró dè mí lójú ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ Òṣogbo, ìwọ lo lé ọmọ mọ́ ìyá ẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ẹ̀." Mo fẹ́ dá a lóhùn, ẹ sì mọ ẹnu mi, ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn Màmá, mo rí òkìtì ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ti mu tán. Òun ló ń mu báyìí. Omi ẹ̀ wà lókè, bó bá tiẹ̀ ti mọ́, kò sẹ́ni tó máa pọn ọ́n fún un.

Nítorí náà ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gba ìgò yẹn lọ́wọ́ mi. Ẹ dúró níwájú ẹ̀, kó nà án sókè sí oòrùn, kó wo ojú yín, kó bi yín bóyá omi ń sun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ṣé ẹ̀yin ò bá dákẹ́?